Wáyà Tí Mítà Yìn

Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ń gbé n'Ìbàdàn. Ó ní ìwé àṣẹ rédíò ìgbafẹ́, orúkọ tí wọ́n fi ń pè é lórí afẹ́fẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N bíi ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà. Akọ̀wé ni a ó máa pè é. Èmi gan-an ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó fojú ara rẹ̀ rí kò ṣeé fi "mo" sọ láwùjọ.

Orí ìgbì 80 m ni Akọ̀wé ti fẹ́ máa sọ̀rọ̀, ìyẹn láti 3.5 MHz lọ sókè díẹ̀. Alẹ́ ni ìgbì yìí máa ń rìn jìnnà. Áńtẹ́nà tó rọrùn jù fún un ni wáyà méjì tó gùn dọ́gba, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, kí okùn tó ti inú rédíò wá so mọ́ àárín wọn. Ìṣirò rẹ̀ kò le: fi iye MHz pín 143, èsì rẹ̀ ni iye m tí gbogbo rẹ̀ máa gùn. Ní 3.65 MHz, ó jẹ́ 39.2 m. Igi máńgòrò wà lẹ́yìnkùlé, òpó táńkì omi wà níwájú ilé. Wáyà nìkan ló kù.

Wọ́n ń kọ́ ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ nígbà náà. Akọ̀wé fún fọ́máànù lówó omi tútù, ó sì gba ìdì báíńdìn-wáyà kan, èyí tí àwọn atẹrin fi ń di ọ̀pá irin pọ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré lé e. Irin ṣáà ni, iná sì ń gba ara irin kọjá. Ibi tí ìrònú rẹ̀ mọ nìyẹn. Ó ń lọ́ àwọn wáyà náà mọ́ra wọn títí ó fi gùn tó, ó gbé e sókè, ó so mítà SWR mọ́ ọn.

Mítà náà yìn ín.

Iṣẹ́ mítà SWR ni láti sọ bóyá agbára tí rédíò tú jáde ń padà bọ̀ wá bá a. Bó bá ka 1, kò sí èyí tó padà. Lórí báíńdìn-wáyà yìí, abẹ́rẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò nítòsí 1 láti ìsàlẹ̀ ìgbì dé òkè rẹ̀. Akọ̀wé pe ìyàwó rẹ̀ wá wò ó. Ìyàwó bi í pé ṣé ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ohun tó yẹ kó fura sí gan-an ló ń fi yangàn. Áńtẹ́nà 80 m tó já fáfá ní ibi kan tó ti bá rédíò mu. Bí a bá kúrò níbẹ̀, abẹ́rẹ́ á gbéra. Èyí tí mítà bá yìn níbi gbogbo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ooru lásán ló ń sọ agbára dà. Mítà kì í bèèrè ibi tí agbára gbà lọ. Pé kò padà ti tó o.

Iná rédíò kì í gba àárín wáyà. Ojú òde rẹ̀ ló ń gbà, bí òróró tó léfòó lójú ọbẹ̀. Nínú bàbà, ní 3.6 MHz, ìwọ̀n tó ń wọnú kò ju nǹkan bíi 0.035 mm lọ. Irin burú lọ́nà méjì. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń dènà iná ju bàbà lọ ní bí ìlọ́po mẹ́fà. Lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé mágínẹ́ẹ̀tì ń fà á, iná tún ń há sí ojú òde tó tínrín ju ti bàbà lọ. Nígbà tí òjò wá pa á, tí gbogbo ibi tí Akọ̀wé lọ́ pọ̀ dógùn-ún, ó ku ẹni tí yóò ṣàánú rẹ̀.

Síbẹ̀, etí rẹ̀ kò di. Lórí 80 m, ariwo ààrá àti ti jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ló ń dí ènìyàn lọ́wọ́; bí wáyà bá dín ohùn kù, á dín ariwo náà kù pẹ̀lú. Akọ̀wé ń gbọ́ gbogbo wọn ketekete. Àwọn ni wọn kò gbọ́ ọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ," ni bàbá kan ń wí ṣáá láti Ìlọrin. Akọ̀wé ń dá a lóhùn pé, "Ẹ má bínú, sà, mítà mi dáa o."

Ó wá lọ sọ́jà lọ ra wáyà 2.5, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe iná ilé. "Ọ̀gá mi, kọ́pà pọ́ńbélé ni," ni ọmọkùnrin tó tà á wí. Wáyà náà fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí Akọ̀wé fi ọ̀bẹ họ ọ́ nílé, inú rẹ̀ funfun báláú: alumíníọ́mù ni, bàbà kàn bò ó lórí. Ó padà lọ sọ́jà, ó jà dé ibi tí àwọn alápatà fi wá là á.

Bàbá Ìlọrin fetí sí ìtàn náà tán, ó rẹ́rìn-ín. Nínú iná ilé, ó ní, ewu gidi ni irú wáyà bẹ́ẹ̀, nítorí ó lè gbóná ju bí a ṣe rò lọ. Ti rédíò yàtọ̀. Bí bàbà tó bò ó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, sísanra rẹ̀ máa tó nǹkan bíi 0.045 mm, iná rédíò ní 3.6 MHz kò sì ní rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó rẹ̀ ẹ́. Ẹjọ́ tí Akọ̀wé rò lọ́jà, ti alákọ́lé ni, kì í ṣe ti olórédíò. Ó gbé wáyà ayédèrú náà sókè pẹ̀lú ìtìjú, ohùn rẹ̀ sì dé Ìlọrin. Àmọ́ alumíníọ́mù kì í fara da kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Máńgòrò ń jó nínú afẹ́fẹ́, wáyà sì já níbi tó ti ká mọ́ páìpù rọ́bà tó fi dì í mú.

Ẹ̀fúùfù ti ṣe ẹni tó jù ú lọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1901, ìjì wó àwọn òpó áńtẹ́nà tí Guglielmo Marconi rì mọ́ Poldhu, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó dé Signal Hill ní Newfoundland, ẹyẹ oníwèé ló fi gbé wáyà tó gùn tó nǹkan bíi 150 m sófuurufú, afẹ́fẹ́ sì ń jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún náà, ó ní òun gbọ́ lẹ́tà S láti òdìkejì òkun.

Akọ̀wé ra bàbà gidi. Ó gé e sí 39.2 m gẹ́lẹ́, ó gbàgbé pé rọ́bà ara wáyà máa ń mú kí áńtẹ́nà ṣe bí ẹni pé ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tún un gé. Ó wá fà á le dan-in-dan-in láàárín igi àti táńkì. Bàbà wáyà ilé rọ̀, ó ń nà. Nínú ìṣirò àkọ́kọ́ yẹn, bí 39.2 m bá di 39.8 m, ibi tí áńtẹ́nà ti ń ṣe dáadáa á sọ̀kalẹ̀ láti 3.65 MHz sí nǹkan bíi 3.59. Lẹ́yìn ìjì àkọ́rọ̀ òjò, Akọ̀wé tún gé e. Ìjì mìíràn dé. Lẹ́yìn náà ló tó gbé púlì sórí máńgòrò, ó gba okùn inú rẹ̀, ó so jálá tó kún fún yanrìn mọ́ ìdí okùn. Nísinsìnyí, bí igi bá ń jó, jálá á máa gòkè á máa sọ̀kalẹ̀, wáyà á sì sinmi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní Peckham nílùú òyìnbó ló wá bá a mú irin tí wọ́n fi bàbà bò wá. Agbára irin, awọ bàbà: ó dára gan-an fún 80 m, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ènìyàn bá sọ̀kalẹ̀ dé 137 kHz, níbi tí iná ti ń wọ bàbà tó 0.18 mm, èyí tí bàbà rẹ̀ fẹ́lẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí iná kan irin nínú. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún Akọ̀wé ni pé wáyà yìí kì í fẹ́ nà. Ó já okùn tí wọ́n fi dì í, odidi rẹ̀ fò bí ó ti mọ, ó sì ká onílé mọ́ àga ike tó jókòó sí.

Nígbà tí wọ́n tú bàbá onílé sílẹ̀ tán, Bàbá Ìlọrin béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lórí afẹ́fẹ́: "Báwo ló ṣe ga tó?" Ó ga tó 8 m, ìdá kan nínú mẹ́wàá gígùn ìgbì. Níbi tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, òkè tààrà ni agbára ń lọ, tí á sì padà wá bọ́ sí àyíká: ó dára fún Ìlọrin, kò dára fún Peckham. Láàárín bàbà 1.5 àti bàbà 2.5, kò sí etí tó lè mọ ìyàtọ̀. Gíga ló yẹ kí owó náà bá lọ.

Ní báyìí, 160 m ló wọ Akọ̀wé lójú. Ní 1.85 MHz, wáyà náà á gùn tó 77 m. Orí ilé mẹ́ta ló máa gbà kọjá, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti alága ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò, ẹni tó ti ránṣẹ́ pé kí Akọ̀wé wá ṣàlàyé ohun tó ń gbé jálá yanrìn gòkè gòkè lórí igi máńgòrò lóru.