Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Epo Rọ̀bì Tòṣì: Ìgbésẹ̀ Mẹ́sàn-án fún Orílẹ̀-Èdè Olórí Ire

Ẹ kú orí ire. Epo rọ̀bì ti jáde nílẹ̀ yín, gbogbo ayé sì ń wá a kiri: ó lé ní 100 mílíọ̀nù àgbá tí aráyé ń lò lójoojúmọ́. Ohun tí ẹ wá ń fẹ́ kò pọ̀ jù. Ẹ fẹ́ kí epo tán, kí owó rẹ̀ ti tán ṣáájú rẹ̀, kí ó ku èéfín nìkan fún ọmọ yín láti jogún. Àwọn kan rò pé ó ṣòro. Kò ṣòro rárá. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí Nàìjíríà ti ń lo ìlànà yìí, kò sì já a kulẹ̀ rí. Ẹ ṣáà tẹ̀ lé e bí a ṣe tò ó. Ẹ má fo ìkankan.

Ohun tí ẹ ó tọ́jú sílẹ̀: kànga epo, ìwé ìṣúná, páìpù kan tí yóò máa tú iná sójú sánmà, jẹnẹrétọ̀ lójúlé kọ̀ọ̀kan, àti ìlú kan tó wà létí òkun.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ gbà pé epo kì í tán

Ní 1956, ọdún tí wọ́n rí epo tó ṣe é tà ní Oloibiri ní Nàìjíríà, onímọ̀ nípa ilẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, M. King Hubbert, sọ pé epo tí wọ́n ń wà ní orílẹ̀-èdè òun yóò dé góńgó ní nǹkan bí 1970, yóò sì máa lọ sílẹ̀ láti ìgbà náà. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí 1970 dé, ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má ka ibi yìí sétí ẹnikẹ́ni. Ibi tí ẹ ó kà ni pé, lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún, àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́ bí a ṣe ń fọ́ àpáta abẹ́ ilẹ̀ fa epo inú rẹ̀ jáde, wọ́n sì wà á kọjá ti 1970. Ẹ wá pariwo pé, "Ẹ ò rí i? Epo kì í tán!" Bí ẹnì kan bá béèrè ẹ̀rọ àti owó tí ẹ ó fi fọ́ àpáta tiyín, ẹ bi í pé ta ló rán an níṣẹ́.

Oloibiri náà ńkọ́? Ní 1958 ni epo ibẹ̀ kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ lọ sókè òkun. Kí 1980 tó dé, kànga ti dákẹ́. Ẹ má ṣe kó ọmọ ilé ìwé lọ síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ná owó ná, ẹ wá ro ohun tí ẹ fẹ́ rà

Láàárín 1973 sí 1974, ogun àwọn Lárúbáwá àti Ísírẹ́lì sọ owó epo di ìlọ́po mẹ́rin. Àsìkò yìí gan-an ni kí ẹ san àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní Údójì fún òṣìṣẹ́ ìjọba, pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ìyàlọ́jà tó gbọ́ lè tètè fi owó lé ọjà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ra sìmẹ́ńtì. Ẹ má rà á níwọ̀nba. Ẹ ní kí wọ́n kó nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù wá, bí wọ́n ti ṣe nígbà tí 1975 fi máa dé, ẹ má sì bi èbúté Èkó bóyá ó lè já a. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ òkun yóò tò sójú omi, ẹ ó sì máa sanwó ìdádúró fún wọn lójoojúmọ́. Bí sìmẹ́ńtì bá dì sínú ọkọ̀, ẹ má bọkàn jẹ́. Ẹ ṣáà fẹ́ kó di òkúta tẹ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ pa iṣẹ́ yòókù tì

Ewu ńlá ni kí orílẹ̀-èdè ní ju ọ̀nà kan lọ tí owó ń gbà wọlé. Ẹ wo ohun tí kòkó ṣe ní Ìwọ̀ Oòrùn: owó rẹ̀ wà nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, owó rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ Cocoa House n'Íbàdàn, èyí tó parí ní 1965. Ẹ fi ilé náà sílẹ̀ kí àlejò máa ya fọ́tò níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí igbó bo oko tó kọ́ ọ. Ẹ sọ fún ọmọ àgbẹ̀ pé iṣẹ́ baba rẹ̀ kò lójú. Nígbà tó bá yá, epo nìkan ni yóò máa mú èyí tó pọ̀ jù nínú dọ́là yín wọlé. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e: ọjọ́ tí owó epo bá wálẹ̀ lágbàáyé, owó oṣù tíṣà yóò bá a wálẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ta tútù, ẹ ra sísè

Ẹ kọ́ ilé ìfọpo mẹ́rin, méjì sí Port Harcourt, ọ̀kan sí Warri, ọ̀kan sí Kaduna, kí gbogbo wọn lè fọ 445,000 àgbá lójúmọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn. Ẹ máa san owó oṣù àwọn tó ń ṣọ́ oorun wọn, kò gbọdọ̀ pẹ́. Ẹ máa ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀. Ní 2021, ẹ fọwọ́ sí 1.5 bílíọ̀nù dọ́là fún ti Port Harcourt. Ní ìparí 2024, ẹ pe àwọn oníròyìn kí wọ́n wá rí i pé ó ti jí. Ní oṣù karùn-ún 2025, ẹ tún tì í fún àtúnṣe.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ẹ máa gbé epo rọ̀bì yín lọ sí Yúróòpù, kí ẹ sì máa ra bẹntiróòlù bọ̀ láti ibẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ó sanwó ọkọ̀ àbọ̀. Bí oníṣòwò kan bá wá fi owó ara rẹ̀ kọ́ ilé ìfọpo tó lè fọ 650,000 àgbá lójúmọ́ sí Lẹ́kí, ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó epo abẹ́lé tán. Ẹ jẹ́ kí ó máa ra díẹ̀ kún un láti Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ ni, Amẹ́ríkà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ fi owó epo ra epo

Ẹ dá iye tí lítà bẹntiróòlù kan yóò máa jẹ́ dúró sójú kan, kí ìjọba máa san ìyókù. Ẹ ṣètò rẹ̀ kí ẹni tó ní jíìpù mẹ́fà jẹ nínú rẹ̀ ju ìyá aláta tó ń wọ dánfó lọ.

Ẹ̀san rẹ̀ yóò dé nígbà tí epo bá wọ́n lágbàáyé. Ní 2022, ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine gbé àgbá kan kọjá 100 dọ́là. Olépo gbogbo ń jó. Nàìjíríà ń sunkún. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, olè ti lu páìpù débi pé epo rọ̀bì tí wọ́n ń rí wà kò tó mílíọ̀nù kan àgbá lójúmọ́, nígbà tí owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù lé ní 4 tiriliọ̀nù náírà lọ́dún kan ṣoṣo. Ọjà wọ́n, ọlọ́jà sì tòṣì. Iṣẹ́ ọpọlọ ni.

Bó bá rẹ̀ yín, ẹ fi gbólóhùn kan mú owó ìrànwọ́ náà kúrò, kí ọkọ̀ èrò tàbí iná mànàmáná tó dé. Ọjọ́ ìbúra dára fún un: 29 oṣù karùn-ún 2023. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ̀ yóò ti tò yí ilé epo ká. Kí oṣù méjì tó pé, lítà tí wọ́n ń rà ní nǹkan bí 190 náírà yóò ti kọjá 600. Ẹ wá rọ aráàlú kí wọ́n ní sùúrù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ dáná sun ohun tí ẹ ó fi dáná

Gáàsì máa ń bá epo jáde látinú kànga. Àwọn ẹlòmíràn a gbà á sínú páìpù, wọn a fi tan iná ìlú. Ẹ̀yin ẹ ṣáná sí i. Kí ọkàn yín lè balẹ̀, ẹ ṣòfin tako ara yín. Òfin 1979 ní kí iná náà kú ní ọjọ́ kìíní ọdún 1984. Bí ọjọ́ bá pé, ẹ sún un síwájú. Bí èyí náà bá pé, ẹ tún un sún. Ẹ fi owó ìtanràn sí i, ṣùgbọ́n kó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi rọrùn láti san ju kí wọ́n ra páìpù lọ. Bí ilé ẹjọ́ bá sọ pé iná náà ń tẹ ẹ̀tọ́ ìwàláàyè àwọn ará Iwherekan ní ìpínlẹ̀ Delta mọ́lẹ̀, bó ṣe sọ ní 2005, ẹ kí adájọ́ kú iṣẹ́, kí iná máa jó lọ.

Lọ́jọ́ kan náà, ẹ jẹ́ kí gáàsì inú sílíńdà wọ́n débi tí ìyá olóúnjẹ ní Mushin yóò fi padà sídìí èédú. Ẹ ti sun gáàsì, ẹ ti sun igbó. Ọ̀run kò ní ráyè mí.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ kan àpótí owó tí kò nídìí

Nọ́wè rí epo tiwọn lẹ́yìn yín, ní 1969. Ní 1990 wọ́n ṣòfin àpò ọjọ́ iwájú. Ní 1996 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fowó sí i. Lónìí, ó ti lé ní tiriliọ̀nù dọ́là kan ààbọ̀, fún èèyàn tí kò pé mílíọ̀nù mẹ́fà. Ahun ni wọ́n.

Ẹ̀yin ẹ lawọ́. Ẹ dá àpótí tí wọ́n ń pè ní Excess Crude Account sílẹ̀ ní 2004, ẹ jẹ́ kó lé ní 20 bílíọ̀nù dọ́là nígbà tó fi máa di 2008, kí àwọn gómìnà lè dìde pé kò bófin mu láti tọ́jú ohun tí ó ṣe é pín. Ẹ pín in. Ní àárín 2022, ó ku 376,655 dọ́là. Kò tó owó ilé gidi kan ní Ìkòyí. Babaláwo tó ń dífá lọ́rọọrún nítorí pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ojo ló ń ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ fi ẹnu méjì sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́

Ní 1958 ni Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọn èéfín kábọ́ọ̀nù lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii. Ó bá a ní nǹkan bí 315 nínú mílíọ̀nù kan. Ó ti kọjá 420 báyìí. Ẹ mi orí nígbà tí wọ́n bá kà á. Ẹ lọ sí ìpàdé ojú ọjọ́ ní Glasgow ní 2021, ẹ ṣèlérí pé tó bá fi máa di 2060, èéfín tí ẹ ń tú kò ní kọjá èyí tí ẹ ń gbà padà. Ẹ wọkọ̀ òfuurufú wálé, ẹ lọ wá kànga tuntun.

Bí òyìnbó bá fẹ́ bá yín wí, òtítọ́ kan wà tí ẹ lè dì mú: gbogbo Áfíríkà lápapọ̀, èéfín tó ń tú lọ́dún kò tó ìdá kan nínú ogún ti gbogbo ayé. Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Ṣáínà ló da èyí tó pọ̀ jù. Òtítọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ gbé e lọ sí Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kí ẹ kà á fún òkun.

Àwọn onígbàgbọ́ tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí wọ́n ń jẹ nínú àpò kan náà, ló tẹ Ayétòrò dó ní 1947. Ilẹ̀ Ìlàjẹ ń pèsè epo. Òkun ti gbé ilé, ilé ìwé àti ilé iṣẹ́ wọn lọ. Láti 2004 ni ìjọba ti gbé iṣẹ́ odi tí yóò dáàbò bo etíkun náà jáde fún kọngílá. Ẹ lọ béèrè odi náà lọ́wọ́ ẹja. Bí aráàlú bá pariwo, ẹ tún iṣẹ́ náà gbé jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ jẹ gbèsè lórí epo tó ṣì wà nínú ilẹ̀

Ẹ dúró títí oníbàárà yóò fi máa di ẹrù rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tuntun mẹ́wàá tí wọ́n rà ní Nọ́wè ní 2024, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mẹ́sàn-án tó ń lo iná mànàmáná: epo tí wọ́n ń tà fún ẹlòmíràn kọ́ ni wọ́n ń rọ sí ọkọ̀ ara wọn. Ní Ṣáínà, ó ti ń lọ sí ìdajì lọ́dún náà. Ẹ pè é ní àrà òyìnbó tí yóò kọjá lọ.

Ẹ kọ sínú ìṣúná 2025 pé ẹ ó wa 2.06 mílíọ̀nù àgbá lójúmọ́, ẹ ó sì tà á ní 75 dọ́là. Kànga kò sí níbi ìpàdé náà, kò lè jiyàn. Ohun tí kò bá pé, ẹ yá a. Ní 2023, ẹ gba 3.3 bílíọ̀nù dọ́là, kí ẹ máa fi epo tí ẹ kò tíì wà san án. Ọmọ tí a kò tíì bí ti ń sanwó epo tí kò ní fojú rí. Iṣẹ́ parí.

Ohun tó lè ba iṣẹ́ náà jẹ́

Ẹ ṣọ́ra fún àgbẹ̀. Ní 2024, kòkó kọjá 10,000 dọ́là tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé, àwọn kan sì tún ń rántí oko baba wọn. Ẹ tètè pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún oòrùn. Bí ẹ bá rí ẹni tó gbé pánẹ́ẹ̀lì sólà sórí òrùlé tó sì ta jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, ẹ fi owó orí lé e kó tó ran aládùúgbò.

Ẹ ṣọ́ra jù fún ọmọ tó bá béèrè pé, "Bàámi, níbo ni owó epo náà wà?" Kò sí ìgbésẹ̀ tó lè dá ọmọ bẹ́ẹ̀ lóhùn.

Bí ẹ bá yẹra fún àwọn mẹ́ta yìí, ẹ ó rí ohun tí ẹ ń wá. Àwọn àgbà sì ti sọ bí yóò ṣe parí: àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ tètè máa wá òṣùká.