Ìjàpá Onínúure

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbágbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo.

Ní ọdún kan, omíyalé kó ẹrù àwọn ẹranko etí odò lọ. Erin ọba kéde pé lọ́jọ́ ọjà, kí kálukú kó ohun tí kò lò mọ́ wá sí ojúde ọba, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ mú un láìsanwó. Ẹtu gbé ẹní méjì wá. Òkété gbé ọlọ tòun tọmọ ọlọ. Ìgbín ní gbogbo ohun tóun ní ló wà lẹ́yìn òun yìí. Ọba dárí jì í.

Ìjàpá wọ ẹ̀yìnkùlé. Ó kó ìkòkò tó ń jò, odó tó ti lu nídìí, bàtà ẹsẹ̀ òsì kan ṣoṣo, àti fáànù aláìlápá tí òun àti Ajá, oníkóńdẹ́mù tó ń ra ohun tó bàjẹ́, ò tíì fẹnu kò lórí iye rẹ̀. Ó háyà onílù, ó forí lé ojúde ọba, ó dorin bolẹ̀:

Lílé: Ta ló lawọ́ bí Ìjàpá?
Ègbè: Kọ̀ǹkọ̀lọ̀!
Lílé: Ìkòkò rèé, ẹ fi sebẹ̀,
Ègbè: Kọ̀ǹkọ̀lọ̀!
Lílé: Odó rèé, ẹ fi gúnyán,
Ègbè: Kọ̀ǹkọ̀lọ̀!
Lílé: Ẹ má wòdí ẹ̀, ẹ yìn mí!
Ègbè: Kọ̀ǹkọ̀lọ̀!

Ó ní kí Ọ̀bọ ya òun ní fọ́tò pẹ̀lú àwọn tí omi lé nílé. Ẹ kúkú mọ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀: ẹni tó ń fúnni a máa rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń gbà á a máa wolẹ̀.

Erin ti rí ìdí odó. Ó ní, “Ọlọ́rẹ báyìí kì í lọ láìjẹun. Yánníbo, fi odó ọkọ rẹ gúnyán, kí o fi ìkòkò rẹ̀ sebẹ̀.”

Inú Ìjàpá dùn. Láti àná ló ti ń fi àyè sílẹ̀ nínú ikùn. Yánníbo gún iyán títí, iyán gba ìdí odó wọ inú iyanrìn. Ọbẹ̀ jò, ó paná.

Ìjàpá figbe ta: “Kábíyèsí, ẹni tí ìyà ń jẹ ni mo kó o wá fún, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ jẹun!”

Erin ní kó ru ẹrù rẹ̀ padà. Àwọn onílù tẹ̀ lé e délé, wọ́n sì gbé ojúlówó odó rẹ̀ lọ fún owó iṣẹ́ wọn. Kílẹ̀ tó ṣú, Yánníbo ti padà sójúde ọba, ó ń wá odó ọ̀fẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fáànù tí kò yí nílé, Ajá ṣì ń kọjá ládùúgbò. Òun ń sanwó.