Ìjàpá àti Àpótí Fífúyẹ́

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo.

Láyé àtijọ́ tí kò tíì pẹ́ púpọ̀, torí àwọn ẹranko ti ń tẹ kọ̀ǹpútà, Ẹkùn ọba Ìjoùn ń wá ètò tí yóò máa já rìsíìtì owó-orí ọjà fún àwọn tó ń ta láfún àti àgbàdo lọ́jọ́ ọjà. Òkété àti Ìjàpá jọ du iṣẹ́ náà. Kọ̀ǹténà Docker, ìyẹn àpótí tí a ń di ètò kọ̀ǹpútà sí, ni àwọn méjèèjì gbé wá.

Òkété ti kó gbogbo ohun tí ètò rẹ̀ nílò sínú image, ìyẹn ẹ̀dà tí a fi ń ṣí àpótí, láti ilé, ó sì kọ nọ́ńbà ẹ̀dà ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àpótí rẹ̀ wúwo. Ti Ìjàpá fúyẹ́: àṣẹ kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, npm install. Bó bá ti jí ni yóò máa lọ wá ohun tí yóò lò ní npm, ilé ìpamọ́ kóòdù orí íntánẹ́ẹ̀tì.

“Kábíyèsí,” Ìjàpá dọ̀bálẹ̀, “kí la fẹ́ fi ẹrù yọ ara wa lẹ́nu sí?”

Inú ọba dùn, ó gbé iṣẹ́ náà fún Ìjàpá. Wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀, wọ́n dá aṣọ ẹbí, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jó. Òkété gba ilé lọ. Ìjàpá gbé orin:

Lílé: Àpótí mi ò lẹ́rù nínú
Ègbè: Yóò rí i lọ́nà
Lílé: Kò níyọ̀, kò lépo
Ègbè: Yóò rí i lọ́nà
Lílé: Bílẹ̀ bá mọ́, á jí
Ègbè: Yóò rí i lọ́nà

Lọ́jà àkọ́kọ́, ó ṣiṣẹ́. Lọ́jà kejì, ẹnì kan lókè òkun ti gbé ẹ̀dà tuntun ohun kan tí àpótí náà ń lò jáde; owó Ewúrẹ́ bọ́ sórúkọ Àgbò. Lọ́jà kẹta, èrò pọ̀, ọba ní kí wọ́n ṣí ogún àpótí lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo wọn sáré lọ wá ohun kan náà. Dátà tán. Èyí tó bá ṣubú a dìde, a tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, a tún ṣubú. Àwọn tó wá láti Ẹ̀gùá tajà tán, wọ́n lọ láìsanwó, wọ́n ń ṣàdúrà fún Ìjàpá.

“Kì í ṣe ẹ̀bi mi,” ni Ìjàpá wí. “Ọ̀nà ló dí.”

Ayékòótọ́ bú sẹ́rìn-ín: “Ṣé o ò gbọ́ ti left-pad ni? Ìlà kóòdù 11 péré ni. Lóṣù Kẹta ọdún 2016, ẹni tó ni ín yọ ọ́ kúrò ní npm, iṣẹ́ bàjẹ́ káàkiri ayé. Ẹni tó ti kó tirẹ̀ pamọ́ kò tilẹ̀ mọ̀.”

Wọ́n ránṣẹ́ pe Òkété. Ó ṣí àpótí rẹ̀ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, rìsíìtì ń já. Ọba bá gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, ó fi Ìjàpá ṣe alága. Wọ́n bi í pé ẹ̀rí dà. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó ná.

Ẹ̀kọ́ inú àlọ́ yìí ni pé ìgbà tí a bá ń kan àpótí ni ká ti di ẹrù sí i. Ìgbà tó bá ń jí kọ́ ló yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ná ọjà.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró. Pó, pó, pó!