Àkàndé àti Àbẹ̀kẹ́ Lórí Owó Ọtí

Nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tí Àbẹ̀kẹ́ ń bójú tó nílùú Glasgow ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ́, nígbà tí Àkàndé ọkọ rẹ̀, ọkọ ìgò, àna agbè, wọlé tí ó sì tẹjú mọ́ iye tí a lẹ̀ mọ́ ìgò sidà onílítà mẹ́ta.

ÀKÀNDÉ: Àbẹ̀kẹ́, ṣé ojú mi ni kò ríran mọ́ ni, àbí pọ́n-ùn 14 àti pẹ́ńsì 63 ni o kọ sára omi ápù yìí, èyí tí owó rẹ̀ kò tó pọ́n-ùn 5 kí ìjọba Scotland tó gbé òfin iye tí ọtí kò gbọdọ̀ wálẹ̀ jù dé ní oṣù karùn-ún ọdún 2018?

ÀBẸ̀KẸ́: Ojú yín mọ́lẹ̀ kedere, Bàbá Délé. Pẹ́ńsì 50 ni wọ́n kọ́kọ́ ní ìwọ̀n ọtí (yúnìtì) kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ wálẹ̀ jù, ó di 65 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Ìwọ̀n 22 àti ààbọ̀ ni ó sì wà nínú ìgò tí ẹ gbá mọ́ra bí ọmọ tuntun yẹn.

ÀKÀNDÉ: Ọbẹ̀ tí baálé kì í jẹ, ìyáálé kì í sè é, ṣùgbọ́n ọtí tí àwọn aṣòfin kì í mu gan-an ni wọ́n gbówó lé! Wísíkì tí olówó ń fi pọ́n-ùn 30 rà, òfin náà kò fi kọ́bọ̀ kún un, nítorí pé pọ́n-ùn 18 àti pẹ́ńsì 20 ni irú ìgò bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wálẹ̀ jù. Àwọn aṣòfin Westminster ní Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Ọdún díẹ̀ kí ogun Hitler tó bẹ́, nígbà tí òǹkọ̀wé A. P. Herbert pe àwọn alábòójútó ilé ìdáná Ilé Aṣòfin lẹ́jọ́ pé wọ́n ń ta ọtí láìgba ìwé àṣẹ, adájọ́ ní ohun tí wọ́n bá ń ṣe nínú ilé ara wọn kò kan òun. Mínísítà ìṣúná wọn sì lè gbé ọtí síwájú nígbà tí ó bá ń ka ètò ìnáwó (wísíkì ni ti Kenneth Clarke), kí ó máa mu ún bí ó ti ń bu owó-orí lé tèmi!

ÀBẸ̀KẸ́: Ẹ má da Ilé Aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù pọ̀ mọ́ ti Edinburgh níbí. Àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù ṣèlérí pẹ́ńsì 40 fún England ní 2012, ní 2013 wọ́n fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àwọn ti ibí ni ó dúró ti tiwọn, tí àwọn oníwísíkì fi bá wọn ṣẹjọ́ títí di 2017. Àwọn onímọ̀ ìlera sì ti ṣírò rẹ̀ pé nínú ọgọ́rùn-ún ikú tí ọtí ìbá fà, ó tó 13 tí kò ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń ṣọ́.

ÀKÀNDÉ: Mo gbọ́. Owó àlékún náà ńkọ́? Ilé ìwòsàn ni ó ń gbà lọ?

ÀBẸ̀KẸ́ (ó ń nu orí káńtà tí kò dọ̀tí): Ẹ ṣáà mọ̀ pé... kì í ṣe owó-orí. Ọwọ́ ẹni tí ó tà á ni ó ń wà.

ÀKÀNDÉ: Háà! Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀! Èmi ń bú aṣòfin láti àárọ̀, aya tí mo fẹ́ sílé ni ó ń kó èrè sápò! Ó dára, bu ife kan fún mi nínú èrè ilé wa.

ÀBẸ̀KẸ́: Bí mo bá fi pẹ́ńsì kan dín in, ìwé àṣẹ mi lọ nìyẹn.

ÀKÀNDÉ: N kò ní kí o tà á. Mo ní kí a sọ ilé yìí di Westminster.

ÀBẸ̀KẸ́: Ẹ gbégbá ìbò ná, kí n rí ẹni tí yóò dìbò fún yín. Èmi kọ́ o.