Mo Ya Fọ́tò Àníyàn Mi Kí N Tó Dáná Sun Ún

Ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún tó kọjá, nígbà tó ku díẹ̀ kí agogo méjìlá lù, pásítọ̀ wa ní kí wọ́n pín bébà yí gbogbo ìjọ ká. Ó ní kí oníkálukú kọ àbámọ̀ tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn àti àníyàn tí kì í jẹ́ kó sùn síbẹ̀, kó ká a, kó lọ jù ú sínú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ti dáná sí níta. Ìjọ hó yèè.

Ẹ wò ó, láti kékeré ni mo ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò rí ibi tí èèyàn ti kọ̀wé tó bẹ́ẹ̀ rí. WAEC gan-an ò tó o. Màmá kan wà níwájú mi tó jẹ́ pé, tí wọ́n bá ní kó ka Bíbélì, á ní òun ò mú ìgò ojú wá. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, màmá kọ ojú bébà kún, ó yí i padà, ó kọ ẹ̀yìn kún, ó wá nawọ́ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fún òun ní ẹyọ kan sí i. Arákùnrin kan fọwọ́ bo tirẹ̀ kí ìyàwó rẹ̀ má baà yọjú wò ó. Ìyàwó náà fọwọ́ bo tirẹ̀. Mo fura pé orúkọ ara wọn ni wọ́n ń kọ.

Èmi náà kọ tèmi, nọ́ńbà kìíní dé ìkeje. Mo dìde. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù, ẹ̀rù kan dédé bà mí: tí mo bá sun nǹkan yìí tán, tí mo wá gbàgbé ohun tó ń dùn mí ńkọ́? Ni mo bá rọra fà sẹ́yìn, mo tú bébà, mo yọ fóònù, mo yà á ní fọ́tò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yà á, torí ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni mo jù ú síná, tí mo ké Halelúyà ju gbogbo èèyàn lọ.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀yin tí ẹ ò ya tiyín ní fọ́tò, orí lẹ há a sí.

Ẹ ti rí ìyá ọlọ́jà tó gba alábàárù ní Bódìjà rí? Ó ti bá a dúnàá dúrà, wọ́n ti jọ fohùn ṣọ̀kan, ó ti bá a gbé ẹrù rù. Ó yẹ kí ìyá máa mi apá lọ bí ọlọ́lá. Rárá o. Ẹ̀yìn alábàárù ló wà, ó di etí àpò mú, ó ń pariwo: “Rọra o! Tòmátì wà níbẹ̀ o! Kì í ṣe ọ̀nà ibẹ̀ yẹn!” Nígbà tí wọ́n bá fi dé ìdí ọkọ̀, apá ń ro ìyá ju bí ọrùn ṣe ń ro alábàárù lọ. Bí àwa ọmọlẹ́yìn Kristi ṣe ń ṣe sí Ọlọ́run gẹ́lẹ́ nìyẹn. Pétérù kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ pé kí a kó àníyàn wa lé E lórí. Kò sọ pé kí a di etí àpò mú. Àmọ́ tí a bá ṣe àmín tán lọ́jọ́ Ìsinmi, a kì í tíì dé ẹnu géètì tí a fi ń sọ fún Un pé kì í ṣe ọ̀nà ibẹ̀ yẹn.

Àwọn àgbà ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, pé gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ti wa ò tiẹ̀ gbẹ̀yìn mọ́, iwájú ọkọ̀ ló ń jókòó. Ọ̀rẹ́ mi kan, díákónì ni, wọ́n fi ilẹ̀ lọ̀ ọ́ ní Ìbafò nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó. Ó bú sẹ́rìn-ín nígbà náà. Ó ní ṣé ọ̀bọ lòun fẹ́ máa bá ṣe aládùúgbò ni. Ní báyìí, ilé olókè mẹ́ta ló wà lórí ilẹ̀ ọ̀hún, ọ̀bọ ò sì sí níbẹ̀. Ní gbogbo Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, díákónì á wọkọ̀ láti Èkó lọ sí ìsìn alẹ́ ní Redemption Camp. Tí wọ́n bá ti ń sún mọ́ Ìbafò, orin á kú lẹ́nu rẹ̀, ọrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Á gbàdúrà mọ́jú, á jó, á sunkún, á yọ̀. Tó bá ń bọ̀ láàárọ̀, ọrùn tún yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé aya Lọ́ọ̀tì, ẹ̀ẹ̀kan péré ló wẹ̀yìn. Ó ní kí n má da òun láàmú, pé ilé aya Lọ́ọ̀tì ti jóná, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lórí ilẹ̀ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kun tiwọn lọ́dà ni.

Ká ní gbogbo Kristẹni tó bá wẹ̀yìn ní í di ọ̀wọ̀n iyọ̀ ni, wọn ì bá máa fi iyọ̀ ṣe jàrá ní Mile 12.

Ohun tí mo tún rí nípa àbámọ̀ ni pé òpùrọ́ ni. Ẹ lọ wo àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú ìwé Nọ́ńbà, orí 11. Inú aginjù ni wọ́n wà, wọ́n ń sunkún Íjíbítì. Kí ni wọ́n rántí? Ẹja ọ̀fẹ́. Bàrà. Àlùbọ́sà. Aáyù! Wọ́n rántí aáyù, wọ́n gbàgbé pàṣán. Wọ́n ń ka ohun ọbẹ̀ bí ẹni ń lọ sọ́jà, ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu ba bíríkì tí wọ́n ń fi ẹ̀yìn rù. Bí arábìnrin tó ń dárò ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ àtijọ́ ṣe máa ń ṣe náà nìyẹn: á rántí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, á gbàgbé pé owó ọkọ̀ gan-an, ọwọ́ òun ló ti ń yá a.

Ti àníyàn wá burú ju ti àbámọ̀ lọ, torí àbámọ̀ ṣì ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ tó ń sunkún lé lórí. Mo mọ̀ pé owó ilé ìwé kì í ṣe àlá, onílé tó fẹ́ fowó kún owó ilé kì í sì í ṣe iwin. Jésù gan-an ò sọ pé wàhálà ò sí. Ohun tó wà nínú Mátíù orí 6 ni pé ti òní tó fún òní. Ó mọ̀ pé wàhálà wà. Ọjọ́ tó yẹ kí á pàdé rẹ̀ ló ń bá wa sọ. Ẹ wo àwọn babaláwo: bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni wọ́n ṣe ń dÍfá lọ́rọọrún. Àwọn tí a ń pè ní kèfèrí ń gbé ayé lọ́rọọrún, àwa tí a ní Bàbá lọ́run ń ṣírò owó ìgbéyàwó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hu eyín.

Kí ẹ má baà ní ẹlòmíràn nìkan ni mò ń bú, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwé àṣàrò ojoojúmọ́ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́: ojoojúmọ́. Ojú ewé kan fún ọjọ́ kan. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń ka ti Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ pa pọ̀, bí ẹni ń san owó àjọ tó ti jẹ sílẹ̀. Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ti ọ̀la ni mo máa ń kà. Bí ti òní bá dá lórí sùúrù, màá rọra ṣí òdì kejì wò bóyá ìbùkún ló kàn.

Deeper Life ò ṣèèṣì pe tiwọn ní Daily Manna. Ẹ lọ ka Ẹ́kísódù orí 16. Mánà ọjọ́ kan fún ọjọ́ kan, àfi ti ọjọ́ kẹfà tó gbọ́dọ̀ kárí ọjọ́ ìsinmi. Mósè ní kí wọ́n má fi sílẹ̀ di òwúrọ̀. Àwọn kan fi pamọ́, ó yọ ìdin, ó ń rùn. Mo mọ àwọn èèyàn yẹn. Àdúgbò wa ni wọ́n ń gbé. Wọ́n ní fírísà, ẹran Àjíǹde ṣì wà nínú rẹ̀, wọn ò sì lè sùn títí di báyìí torí pé iná lè má wá.

Tí a bá padà sórí àbámọ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ṣe mí láàánú jù ni Pétérù. Níbi iná èédú ló ti ń yáná lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú Olúwa, tó ní òun ò mọ̀ Ọ́n rí, ẹ̀ẹ̀mẹta, tí àkùkọ fi kọ. Ẹ rò ó wò ná. Ẹlòmíràn á ṣẹ̀, á kó kúrò ládùúgbò. Ti Pétérù, ibo ló fẹ́ kó lọ tí kò ní sí àkùkọ? Láràárọ̀ ni wọn ó máa ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i létí.

Jòhánù ní lẹ́yìn àjíǹde, Pétérù àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi gbogbo òru pẹja, wọn ò rí nǹkan kan. Ilẹ̀ mọ́, Jésù dúró létí òkun, iná èédú wà nílẹ̀, ẹja wà lórí rẹ̀, búrẹ́dì wà níbẹ̀. Iná èédú tún ni o! Ká ní ìyá tèmi ló dá iná yẹn, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀: “Pétérù, jókòó. Ojú mi ni kí o wò. Ṣé mo sọ fún ọ, àbí mi ò sọ? Àkùkọ kọ àbí kò kọ?” Kí ìyá tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, ẹja á ti di èédú. Olúwa ní kí wọ́n wá jẹun. Ìgbà tí wọ́n jẹun tán ló tó bi í léèrè, ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò bi í nípa àkùkọ. Ó bi í bóyá ó fẹ́ràn Òun, ó sì gbé agbo àgùntàn lé e lọ́wọ́. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni ẹja tí wọ́n kó nínú àwọ̀n láàárọ̀ yẹn: 153. Ẹnìkan kà á! Ẹni tó jíǹde jókòó tì wọ́n, apẹja kan ń ka ẹja.

Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther náà ní ohun tó lè fi ṣe àròkàn. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin, kò fojú kan ìyá rẹ̀ mọ́ títí di 1846 ní Abẹ́òkúta. Àmọ́ ìwé ni bàbá jókòó tì. Ní 1884, odidi Bíbélì Yorùbá jáde. Ẹni tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin bá wa túmọ̀ rẹ̀ délé pé kí a má ṣàníyàn, àwa tí ilẹ̀ Ìbafò kàn bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ní ọ̀rọ̀ tiwa yàtọ̀.

Lánàá, fóònù mi kọ̀, ó ní òun ti kún, kí n pa nǹkan rẹ́. Ibi tí mo ti ń wá ohun tí mo lè pa rẹ́ ni mo ti bá bébà mi pàdé, fọ́tò méjì, ọ̀kan mì. Ìyàwó mi ní kí n pa á rẹ́ kíá. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ kà á. Nọ́ńbà kìíní, ó ti yanjú. Ìkejì, ó ṣì wà níbẹ̀, a jọ ń bá ara wa gbé. Ìkẹta, kò ṣẹlẹ̀ rárá. Mo dé orí ìkẹrin. Ìkọ̀wé mi ni, mo tún fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀: “Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn.”

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun wo?

Mo bi ìyàwó mi. Ó ní òun ò mọ̀, pé bóyá Ọlọ́run ti bá mi gbé e lọ. Ó gba fóònù, ó pa méjèèjì rẹ́, ó padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀. Mo dúpẹ́. Mo ní àmín. Ṣùgbọ́n láti alẹ́ àná ni oorun ò ti kùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rántí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan lọ́dún tó kọjá, kó bá mi fi ránṣẹ́.