Ọmọ Ìyá Alákàrà Kì Í Ṣe Gaïman

Ẹ sún mọ́ mi, kí n má baà pariwo. Ṣé ẹ mọ ọmọ Ìyá Alákàrà, èyí tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ iná ní yunifásítì Calavi? Láti ìgbà tó ti wá lo fákáǹsì lọ́dọ̀ wa ní Ladjifarani, ní Parakou, ni wọ́n ti ń sọ pé ó ti di gaïman, pé òyìnbó ló ń lù ní jìbìtì. Kí ló ṣe? Ó ń jí lóru, nígbà tí mẹ́gà kò wọ́n, ó ti wáyà bọ etí, ó gbé fóònù lé orí àpótí ìyá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Àlájà aládùúgbò wa ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Àlájà yìí kan náà ló ní adìẹ mi jẹ gààrí òun, àmọ́ ẹjọ́ ìyẹn ṣì ń bọ̀.

Èmi tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, mo dọ́gbọ́n lọ tọrọ ìṣáná. Ará Íńdíà kan ni mo bá lójú fóònù, ó dúró ti pátákó, ó ń ya ọ̀nà tí iná ń gbà. Ọmọ náà ní NPTEL ni, ètò ẹ̀kọ́ orí fídíò tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ńlá Íńdíà bẹ̀rẹ̀ ní 2003, pé ọ̀fẹ́ ni. Ó lè ní kí olùkọ́ náà tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò ní bínú. Ká ní ọkọ mi rí bẹ́ẹ̀ ni!

Tílẹ̀ bá mọ́, ó di ọ̀dọ̀ alátùnṣe rédíò etí títì. Níbẹ̀ ló ti ń fi òjé jó wáyà pọ̀, tó ń jó ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní fídíò kì í jóni, torí náà fídíò nìkan kò tó láti kọ́ṣẹ́.

Ìtàn Ifẹ̀ tó sọ fún mi, nípa ẹ̀rọ tí èèyàn ń lò láti òkèèrè, ló wá dùn mọ́ mi jù. Ó ní ní 1998, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní MIT l'Amẹ́ríkà so ẹ̀rọ tó ń wọn transistor mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ rẹ̀? Jesús del Alamo. Àlájà tó fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn pariwo, “A-úsù bíllà! Ọmọ yìí ti di pásítọ̀!” Mo ní Àlájà, bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ ní Spain nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n parí ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wá ń ti Ifẹ̀ lo ẹ̀rọ òkè òkun yẹn nígbà náà: wọ́n á tẹ iye iná tí wọ́n fẹ́, ẹ̀rọ á wọ̀n ọ́n, á dá èsì padà. Òǹkà lásán ló ń rìn lójú ọ̀nà, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ mẹ́gà. Nígbà tó yá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lawrence Kehinde àtàwọn èèyàn rẹ̀ ṣe tiwọn n'Ifẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá Calavi, ẹ gbọ́ o. Bíi 400 kìlómítà ni yàrá ẹ̀rọ yín sí Parakou, Amẹ́ríkà sì jìnnà sí Ifẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ so ẹ̀rọ yín mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ọmọ wa lè máa lò ó lóru, nígbà tí gbogbo agboolé bá ti sùn, àfi Àlájà.