Ọ̀rọ̀ Kan Péré: "Títí"

Lẹ́sìnnì ni mo ń ṣe fáwọn ọmọ àdúgbò nírọ̀lẹ́ ní Ìkòtún. Lọ́jọ́ tí mo fọ́nnu fáwọn òbí pé màá kọ́ àwọn ọmọ wọn ní kódìǹgì, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni mo ní, bátìrì rẹ̀ ti kú, NEPA sì ti mú iná lọ. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Mo wá rántí pé láti àwọn ọdún 1990 ni Tim Bell ti Yunifásítì Canterbury, New Zealand, àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi eré káàdì àti okùn kọ́ ọmọdé bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ronú, láìfọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Bí káàdì bá ṣe é fi kọ́ni, kí ló ṣe gààrì?

Mo gbé abọ́, gààrì Ìjẹ̀bú àti omi jọ́ọ̀gì kan sórí tábìlì. Mo ní, "Ẹ̀rọ ni mí o. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ gan-an ni màá ṣe."

"Ẹ fi gààrì sínú abọ́, sà." Mo gbé e síbẹ̀ tòun tọ̀rá, láì tú u. Ẹ̀rín sọ. Wọ́n ní kí n tú u, mo tú u.

"Ẹ da omi sí i." Mo bẹ̀rẹ̀. Gààrì mumi, ó wú, ó kún abọ́. Omi ṣàn sórí tábìlì, ó wọnú rẹ́jísítà, ó ń kán sí mi ní ṣòkòtò. Wọ́n ń pariwo, "Ó ti tó, sà!" Mo ní "ó ti tó" kì í ṣe àṣẹ. Ìgbà tí jọ́ọ̀gì gbẹ ni àṣejù mi tó tán.

Ọmọbìnrin kan ní, "Sà, ẹ ò kọ́ wa bá a ṣe ń dá ẹ̀rọ dúró." Ojú tì mí. Òótọ́ ni: mo kọ́ wọn ní àṣẹ, n kò kọ́ wọn ní "títí".

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ọpọ́n ayò wá: ilé 12, ọmọ 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Kó ọmọ ilé kan, máa fi ọ̀kan-ọ̀kan sílé tó tẹ̀ lé e, títí ọwọ́ rẹ yóò fi ṣófo. Àṣẹ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, tó sì mọ ibi tó máa dúró, nìyẹn. Ó yé wọn kíá. Ó tiẹ̀ yé wọn jù: ọmọbìnrin àná yẹn jẹ ọmọ 27 mọ́ mi lọ́wọ́, èmi tí mo pera mi lọ́ta wá di ọ̀pẹ.

Ẹ̀yin olùkọ́ Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndo, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣeré gààrì yìí, ẹ kọ́kọ́ kọ "títí" sójú pátákó. Kẹ́ ẹ sì gbé rẹ́jísítà kúrò nítòsí.